Igun Tí Cornelius Tierney Ò Fọ̀

Ọlọ́run nìkan ló mọ ọ̀tá tí wọ́n ń bẹ̀rù tí wọ́n fi kọ́ ilé ìkóhun-ìjà-sí náà bí odi ọba sáàárín ìgboro Bọ́fálò ní Amẹ́ríkà. Cornelius Tierney, tí ogun Kúbà sọ di atiro, ló ń tọ́jú rẹ̀. Yàrá méjì nínú ilé ìṣọ́ òkè ni òun àti Honora, ìyàwó rẹ̀, ń gbé. Iṣẹ́ ló ni yàrá. Bí iṣẹ́ bá bọ́, yàrá bọ́ nìyẹn.

Lọ́dọọdún, wọ́n máa ń ṣe ijó ńlá ní gbọ̀ngàn tí àwọn sójà ti ń yan. Tierney á fi ìda pa ilẹ̀ pákó kí bàtà oníjó lè máa yọ̀. Lọ́jọ́ kejì, á fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ kúrò, nítorí sójà ò gbọdọ̀ yọ̀ ṣubú. Honora ò jó níbẹ̀ rí. Kóòtù òtútù àwọn ìyàwó ọ̀gá ló máa ń gbà kọ́, ó sì ń dùn ún.

"Kọ́nì, ọdún kọkànlá rèé," ló wí fún ọkọ rẹ̀ lọ́dún yẹn. "Àbí ìkọ́ ẹ̀wù lo fẹ́ sílé ni?"

Alẹ́ Sátidé ni ijó ọdún yẹn. Lọ́jọ́ Ìsinmi, Tierney fọ gbogbo ilẹ̀, ó ṣẹ́ igun kan kù. Ó ń súfèé, òun àti Honora ń jó níbẹ̀, títí ẹsẹ̀ fi ń ro ó.

"Má tíì fọ̀ ọ́ o," ni Honora wí. "Ká tún jó lọ́la."

Ọ̀la ọ̀hún ni ọ̀gá ayẹ̀wò dé láti olú-ìlú. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n ń retí rẹ̀. Ó ka ìbọn, ó wo àpótí ọta, gbogbo rẹ̀ tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ló bá gba igun yẹn kọjá. Ìdí ló fi balẹ̀ gbì, fìlà rẹ̀ yí gbirigbiri lọ sídìí ògiri.

"Ta ló fi ìda sílẹ̀ níbí?" ni kápítéènì tó ń ṣàkóso ilé náà jágbe.

Tierney ì bá di ẹ̀bi náà ru àwọn oníjó. "Èmi ni, sà. Ìyàwó mi ò jó níbí rí."

Sójà kan bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ayẹ̀wò ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, lẹ́tà dé: kí Tierney kó jáde kí oṣù tó parí, kó sì fọ igun náà kó tó lọ. Inú bí i débi pé ó ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹta. Honora ń fi koríko gbígbẹ di àwo sínú àpótí.

"Ṣé o ti fọ igun yẹn?"

"Rárá."

Honora gbé àwo ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó tú épírọ́ọ̀nù ìdí rẹ̀.

"Ó dáa. Máa súfèé bọ̀."