Lápútọ́ọ̀pù fún Ilé Eléèéfín

Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí Mùbàṣírù ti ń ta lápútọ́ọ̀pù lẹ́bàá ọ̀nà yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, ó sì dá a lójú pé kò sí ìbéèrè oníbàárà tí òun kò tíì gbọ́. Ṣé bátìrì rẹ̀ á pẹ́ bí iná bá lọ? Ṣé ó lè lo íńtánẹ́ẹ̀tì orí fóònù? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a bèèrè bóyá ó gba géèmù, àwọn bàbá wọn a bèèrè bóyá ó lágbára. Mùbàṣírù kì í kánjú dáhùn. Á tan ẹ̀rọ náà, á ní kí ẹni náà jókòó tì í, kó fi ṣe iṣẹ́ tó fẹ́ máa fi ṣe nílé gan-an. Ẹlòmíràn á lo wákàtí kan níbẹ̀. Bùsúyì tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ilé ẹ̀kọ́ ló dá sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, Ìbíkẹ́, obìnrin tó ń yan ẹja tà ní Efire létí omi, wọlé tòun ti Ọmọ́títí, ọmọ rẹ̀ tó wà ní ọdún àṣekágbá ní yunifásítì. Ó ṣàlàyé pé ilé ni ọmọ náà á ti kọ iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀, nítorí ọwọ́ òun nìkan kò ká ẹja mọ́. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo lòun sì lè rà. Bó bá bàjẹ́ kí ìwé náà tó parí, ọdún kan ti ṣòfò nìyẹn.

Mùbàṣírù gbé èyí tó yára jù lọ wá. Ọmọ́títí jókòó tì í, ó ń tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rín kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò wo ojú ẹ̀rọ. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà.

"Kí ló ń fẹ́ sí mi lọ́wọ́ yìí?"

"Fáànù ni, Màmá, kí inú rẹ̀ má baà gbóná."

"Níbo ló ti ń rí atẹ́gùn tó ń fẹ́?"

Ó yí i, ó fi àwọn ihò wẹ́wẹ́ abẹ́ rẹ̀ hàn án. Ìbíkẹ́ wò wọ́n títí.

"Ọmọ mi, èéfín ni atẹ́gùn ilé wa. Èéfín àti ọ̀rá ẹja, láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ṣé kò ní fà á sínú?"

Bí Mùbàṣírù bá ní rárá, obìnrin náà á rà á, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bùsúyì tó wá yá okùn iná ti ń ṣẹ́jú sí i pé kó sọ bẹ́ẹ̀.

"Á fà á sínú, Màmá," ni Mùbàṣírù wí. "Ẹnikẹ́ni ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí."

Ó wá bẹ̀rẹ̀, ó fa ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan jáde lábẹ́ pẹpẹ. Kò ní fáànù rárá, kò sì gba géèmù, ìdí nìyí tí kò fi tà. Ó sọ fún wọn láìfi bò pé kò yára. Ọmọ́títí fajú ro, ó ṣí iṣẹ́ rẹ̀ olójú ewé ọgọ́ta, ó kọ ojú ewé méjì kún un. Ibi àwòrán nìkan ni ẹ̀rọ náà ti ń falẹ̀.

"Ó ń rìn bí ìyá àgbà," ni ọmọ náà wí.

"Ìyá àgbà náà ló tọ́ ẹ," ni ìyá rẹ̀ dá a lóhùn.

Ìbíkẹ́ sanwó. Inú láílọ́ọ̀nù méjì ni wọ́n dì í sí, wọ́n sì gbé e sínú kúlà ẹja rẹ̀, kí omi má baà ta sí i nínú ọkọ̀ ojú omi.

Oṣù mẹ́jọ kọjá kí Ọmọ́títí tó tún gbé ẹ̀rọ náà yọjú. Ìwé rẹ̀ ti wọlé, àwọn olùkọ́ rẹ̀ sì ti gbà á. Bí Mùbàṣírù ṣe tú ìdí ẹ̀rọ náà, òórùn ẹja yíyan gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń ra máòsì bèèrè ibi tí wọ́n ti ń ta ẹja náà. Mùbàṣírù fi ìka nu inú rẹ̀. Ìka náà kò dúdú.

"Sọ fún Màmá pé inú rẹ̀ mọ́."

Ọmọ́títí rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ní kí n bi yín bóyá ó lè gba ọdún mẹ́rin sí i. Àbúrò mi ti wọ yunifásítì."

Mùbàṣírù gbé e, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní bátìrì nìkan lòun á pààrọ̀.