Ẹ̀rọ Ijó Tí Mo Gbà Lẹ́sẹ̀ Ọkọ Mi

Ẹnu mi ló ba ọ̀rọ̀ yìí jẹ́, n kò sì ní gbé ẹ̀bi rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Nídìí kọ̀ǹpútà ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, ní sítọ́ọ̀ iléeṣẹ́ ike kan ní Ṣàngó. Àárọ̀ dalẹ́ ló fi ń jókòó. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kọ̀ tí kò wálẹ̀, dókítà ní oògùn nìkan ò tó, àfi kó máa ṣe eré ìdárayá. Ó gbìyànjú ìrìn àárọ̀. Àmọ́ ẹni tó bá mọ ọ̀nà àdúgbò wa mọ̀ pé àárín kòtò àti tírélà lèèyàn ti máa rìn ín. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ṣe é, ó pa á tì.

Ọmọbìnrin wa, tó ṣì wà ní yunifásítì nígbà náà, ló mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù géèmù kan ní Ìyànà Ìyẹsí. Ẹ̀rọ ijó kan wà níbẹ̀ tó ní pèpéle. Orin á máa dún, ọfà á máa yọ lójú ẹ̀rọ náà, ibi tí ọfà bá kọjú sí ni èèyàn á fẹsẹ̀ tẹ̀ kíákíá. Mo tẹ̀lé wọn lọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Díákónì ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta! Ó di irin tó wà lẹ́yìn pèpéle náà mú gírígírí, ó ń fẹsẹ̀ lé ọfà kiri bí ẹni tó ń pa aáyán. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pariwo, “Daddy, ẹ má stop o! Ẹ ti fẹ́ win!”

Gbogbo Sátidé ló ń lọ, òjò ò dá a dúró. Láàárín oṣù mẹ́ta, ó ti fi ihò méjì dín bẹ́líìtì rẹ̀ kù. Nọ́ọ̀sì tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ní kó ṣáà máa ṣe ohun tó ń ṣe lọ. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ní balùwẹ̀, ohun tí mo ti gbàgbé pé ó máa ń ṣe.

Ẹnìkan wá fi fóònù ká fídíò rẹ̀ níbi tó ti ń jó, ó gbé e sórí Wasáàpù ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ ìsinmi, ìyá kan nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Mummy, orin ayé ni díákónì wa ń jó sí láàárín àwọn ọmọ kéékèèké o. Ẹ̀yin tí a fẹ́ fi ṣe olórí wa!”

Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó yẹ kí n sọ fún un pé dókítà ló ní kó ṣe é, àmọ́ ìtìjú dí mi lẹ́nu. Ipò yẹn sì wù mí, n kò ní purọ́.

A délé, mi ò tíì tú gèlè tí mo fi bẹ̀rẹ̀. “Daddy, ẹ wo ọjọ́ orí yín! Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ijó yẹn sílẹ̀.”

Ó wò mí títí. “Ṣé ohun tó o fẹ́ nìyẹn?”

“Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn.”

“Kò burú.”

Kò lọ mọ́. Wọ́n fi mí ṣe olórí. Mo rí i pé ikùn rẹ̀ ti ń padà, mo rí i pé ó ń mí hẹlẹ tó bá gun àtẹ̀gùn, mo sì ń sọ fún ara mi pé Ọlọ́run á ṣe é. Ọlọ́run ti ṣe tirẹ̀. Èmi ni mo tú u ká.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ó ṣubú níbi iṣẹ́. Rọpárọsẹ̀ ni. Ọjọ́ mọ́kànlá ló lò ní ọsibítù kó tó kú. Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, àwọn àgbà ò parọ́.

Lọ́jọ́ kẹta tó dé ọsibítù, nígbà tó ṣì ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, dókítà rẹ̀ wá dúró létí bẹ́ẹ̀dì. Ó wo fáìlì, ó mirí. “Daddy, ẹ ti ń ṣe dáadáa tẹ́lẹ̀. Kí ló dé tí ẹ fi dáwọ́ eré ìdárayá yẹn dúró?”

Mo sorí kọ́, mo ń retí kí ọkọ mi dárúkọ mi.

Ọkọ mi wò mí, ó tún yíjú sí dókítà. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́, ọ̀rọ̀ ò já geere mọ́, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ.

“Ó sú mi ni.”

Ọdún mẹ́tàlélógún la fi wà pọ̀, n kò gbọ́ irọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Dókítà kọ ọ́ sínú fáìlì. Mo jókòó síbẹ̀, mo jẹ́ kó kọ ọ́.