Ẹni tí Ìyàwó Mi Ń Wò

Ó ti pẹ́ tí ìyàwó mi ti fi ayé sílẹ̀, síbẹ̀ mo ṣì ń jowú lórí rẹ̀. Àwọn ọmọ wa rò pé ọ̀fọ̀ nìkan ló ń ṣe mí. Mi ò já wọn níyàn. Ọ̀fọ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dá wà.

Ìkìrun là ń gbé nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn ọdún 1980 ń parí lọ. Mo ti fi kíláàsì sílẹ̀ nígbà náà, mo ti di òṣìṣẹ́ ní ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n Tíṣà ni ìyàwó mi ṣì ń pè mí, nítorí orúkọ tó fi mọ̀ mí kí n tó fẹ́ ẹ nìyẹn. Òun ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ ìtọ́jú ilé ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìnísà, ìlú tí wọ́n ti bí i. Ará Íńdíà kan ń kọ́ni ní físíìsì níbẹ̀. Àwọn ará Íńdíà pọ̀ nílé ẹ̀kọ́ wa láyé ìgbà yẹn. Kò sẹ́ni tó ń wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì mọ́. Ìyàwó ọkùnrin yìí ló yàtọ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ ní ijó ilẹ̀ wọn. Nígbà tí jíjókòó sílé lásán sú u, ó lọ bá àwọn tó ń bójú tó gbọ̀ngàn àṣà ní Ìkìrun, ó ní òun fẹ́ máa kọ́ ẹnikẹ́ni tó bá wù ní ijó náà, lọ́fẹ̀ẹ́, lọ́sàn-án Sátidé.

Gbọ̀ngàn náà kò ju yàrá gígùn kan lọ, tó ní pèpéle onísìmẹ́ǹtì níwájú àti fèrèsé onígíláàsì tí ìdajì rẹ̀ ti fọ́. Ijó onígi ni ìyáàfin náà fi bẹ̀rẹ̀, ijó tí àwọn ará abúlé ní apá kan ilẹ̀ wọn máa ń jó. Àwọn obìnrin á to ara wọn yí po, olúkúlùkù á mú ọ̀pá kéékèèké méjì lọ́wọ́, á fi gbá ọ̀pá ẹni tó kọjú sí i, á sì ṣí lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn láìdúró. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, akọ̀wé báǹkì wà níbẹ̀, àwọn tó ń ta aṣọ náà wà níbẹ̀. Wọ́n gbá ara wọn lọ́mọ ìka, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì mọ̀ ọ́n kíákíá. Ìyẹn kò dùn mí. Ijó ọ̀pọ̀ ènìyàn ni, kò sẹ́ni tó ń wo ẹnì kan ju ẹlòmíràn lọ.

Nígbà tó kan ijó kejì, púpọ̀ nínú wọn sá. Ìyẹn ni ijó tí wọ́n ń fi ọdún gbọọrọ kọ́. Ẹsẹ̀ á máa lu ilẹ̀ pẹ̀lú ṣaworo idẹ, ìka ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ní ohun tó ń sọ, orúnkún á ṣẹ́ kalẹ̀ bí ti ẹni tó fẹ́ jókòó tí kò jókòó. Ìyàwó mi ló fara dà á jù. Obìnrin kúkúrú ni, ó dúdú, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mi ò mọ̀ pé irú agídí bẹ́ẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ á fọwọ́ kan ilẹ̀, á sì fọwọ́ kan ẹsẹ̀ olùkọ́. Mo rí i bó ṣe tẹrí ba fún obìnrin yẹn, ó dára ju bó ṣe ń kúnlẹ̀ fún ìyá mi lọ.

Àwọn ọkùnrin àdúgbò kò jẹ́ kí n sinmi. Ọ̀kan nínú wọn ń ta sìmẹ́ǹtì ní ọ̀kánkán ilé wa, fíìmù Íńdíà kan kì í sì í fò ó. Ó máa ń dúró dè mí tí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ó ní, "Tíṣà àgbà, ẹ ṣọ́ra o. Nínú fíìmù wọn, tí obìnrin bá ti ń kọrin yí igi po báyìí, ó ti lọ nìyẹn." Mo ní kò sí igi nínú gbọ̀ngàn. Ó ní, "Wọ́n á gbìn ín."

Ọkọ ìyáàfin náà ni mo kọ́kọ́ fura sí. Òun ló máa ń jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle, tí á máa fi ọwọ́ lu ìlù kékeré méjì, tí á sì máa fi ẹnu ka ìró ìlù náà fún àwọn oníjó. Ìyàwó mi á kà á padà fún un. Ó máa ń kà á nílé pàápàá, lórí ìkòkò ọbẹ̀, lábẹ́ ahọ́n, ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe Yorùbá tí kì í sì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Mo lọ dúró lẹ́bàá fèrèsé láti wo irú ọkùnrin tó jẹ́. Nígbà tí mo sọ ohun tó wà lọ́kàn mi fún ìyàwó mi, ó wò mí títí.

"Tíṣà, ọkùnrin tó ń sá fún alángbá lẹ ń jowú sí?"

Òótọ́ ni. Mo ti rí i fúnra mi tó fi ìlù sílẹ̀ nítorí alángbá. Mo bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn. Mi ò mọ̀ pé èyí tó ń bọ̀ kò ní ojú tí mo lè lọ wò lójú fèrèsé.

Lẹ́yìn ọdún kan ó lé, ìyáàfin náà ní ẹsẹ̀ ìyàwó mi ti tó, ó ku ojú. Ijó kan wà tí wọ́n fi ń sọ ìtàn obìnrin tó ń retí olólùfẹ́ rẹ̀. Ó ń tún irun ṣe, ó ń tan fìtílà, ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀, ó sáré jáde, kì í ṣe òun. Níkẹyìn olólùfẹ́ náà dé. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń jó bí olólùfẹ́. Obìnrin náà nìkan ló wà lórí pèpéle, ojú rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àwọn òǹwòran mọ̀ pé ẹni tó ń retí ti dúró síwájú rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ nìyí. Olùkọ́ á gbé àpótí ìjókòó kan síwájú oníjó, á ní kó fi ọkàn gbé ẹnì kan jókòó lé e, ẹni tó mọ ojú rẹ̀ àti ohùn rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ á gbé àpótí kúrò, ẹni náà á sì ṣì wà níbẹ̀. Òfin kan ló so mọ́ ọn. Oníjó kò gbọdọ̀ sọ ẹni tó fi síbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, títí kan olùkọ́. Tó bá ti sọ ọ́, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àṣejù.

Ìyàwó mi fúnra rẹ̀ ló sọ gbogbo èyí fún mi, tẹ̀ríntẹ̀rín, níbi tó ti ń rẹ́ ilá. Mo bi í pé ta ló wá fi síbẹ̀.

"Tíṣà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń na ọmọ tó bá rú òfin."

Ó sì ń rẹ́ ilá rẹ̀ lọ.

Ọdún tí wọ́n yọ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́ ni wọ́n pe gbogbo ìlú wá wo ijó náà. Àwọn ènìyàn wá láti Ìbà àti Òkukù, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kún inú bọ́ọ̀sì wá láti Ìnísà. Iná ti lọ, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ nítorí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Mo jókòó ní ìlà iwájú, mo wọ agbádá.

Àwọn onígi jó, gbọ̀ngàn pariwo. Lẹ́yìn náà ìyàwó mi jáde, òun nìkan. Ó tún irun ṣe, ó tan fìtílà tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, a sì rí fìtílà náà. Ìgbà tí olólùfẹ́ inú ijó dé, ó gbé ojú sókè. Ojú náà kọ́kọ́ sá, bí ti ẹni tí wọ́n ká mọ́. Ó padà wá. Ó wá dúró, kò lọ mọ́. Mo ti bá obìnrin yìí gbé, ó ti bímọ fún mi, mo ti rí i nínú ayọ̀, mo ti rí i nínú ìrora. Mi ò rí ojú yẹn rí.

Obìnrin kan lẹ́yìn mi rọra sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé, "Ó ti rí i."

Mo yí ọrùn padà láti wo ẹni tó rí. Kì í ṣe èmi nìkan. Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọkùnrin ló yíjú. Ẹnu ọ̀nà ni ojú rẹ̀ kọ sí, ẹni tó sì dúró níbẹ̀ ni ọkùnrin tó ń bójú tó jẹnẹrétọ̀, tó gbé kẹ́ẹ̀gì epo dání. Òun náà wo ẹ̀yìn ara rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn wà níbẹ̀. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Èmi ò rín. Mo kórìíra ọkùnrin náà àti kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ títí ijó fi parí.

Onísìmẹ́ǹtì ti ń dúró dè mí níta. Ó ní, "A rí ojú ìfẹ́ lónìí. Ẹ̀yin ni, àbí?" Mo ní èmi ni. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Ṣùgbọ́n iwájú lẹ jókòó sí."

Nígbà tí a délé, ìyàwó mi ń tú ṣaworo kúrò lẹ́sẹ̀. Mo dúró tì í.

"Ta lò ń wò?"

"Ibi tí ìyáàfin ní kí n wò ni."

"Mi ò bèèrè ibi."

Ó gbé ṣaworo ẹsẹ̀ kan kalẹ̀ ná kó tó dá mi lóhùn. "Tíṣà, tí mo bá ní ẹ̀yin ni, ẹ ò ní gbà. Tí mo bá ní kì í ṣe ẹ̀yin, ẹ ò ní sùn. Ẹ jẹ́ kí n tẹ̀lé òfin."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá a. Kí n tó fẹ́ ẹ, ọkùnrin kan láti Igbaye ti wá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Igbaye, mo ní iṣu ni mo wá rà lóko rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn láti rí mi. Ó fún mi lómi, ó fún mi lága, ó wá bèèrè ìyàwó mi, arẹwà obìnrin gíga yẹn, aláwọ̀ pupa. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ló ń sọ. Ó ti gbàgbé ìyàwó mi pátápátá. Ó yẹ kí inú mi dùn, ṣùgbọ́n ńṣe ni inú bí mi nítorí ìyàwó mi, pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè wá tọrọ rẹ̀ kó má sì rántí ojú rẹ̀. Mo di iṣu tí mi ò fẹ́ sẹ́yìn ọ̀kadà, mo padà wálé. Ìyàwó mi wo iṣu, ó bi mí níbi tí mo ti rà á. Mo sọ fún un. Ó ní, "Ṣé ara wọn le lọ́hùn-ún?" Ó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n má bàa rí ẹ̀rín rẹ̀.

Nígbà tí owó ilẹ̀ wa kò níye lórí mọ́, àwọn ará Íńdíà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ọjọ́ tí a lọ kí tọkọtaya náà pé ó dìgbà, mo pe ìyáàfin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo bi í. Ó ní òun kò mọ̀, òun kì í sì í bèèrè. Ó ní nínú gbogbo àwọn tí òun kọ́, kò sí ẹni tí ojú rẹ̀ dá òun lójú tó ti ìyàwó mi. Ẹnikẹ́ni tó wù kí ó fi síbẹ̀, ó fẹ́ràn onítọ̀hún dénú egungun. Ó rò pé òun ń bá mi yin ìyàwó mi ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyàwó mi kò fi ijó náà sílẹ̀. Wọ́n ti fi kásẹ́ẹ̀tì orin kan sílẹ̀ fún un. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, mo máa ń gbọ́ ṣaworo láti ìta. Tí mo bá kan ilẹ̀kùn, á dákẹ́. Lọ́jọ́ kan mi ò kan ilẹ̀kùn. Mo wọlé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, mo lọ dúró gan-an níbi tí ojú rẹ̀ wà. Ojú náà wà lára mi bí ìṣẹ́jú àáyá kan. Lẹ́yìn náà ó rí i pé èmi ni. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀. Ṣé kí n gbé oúnjẹ wá?" Ó sì lọ sí ilé ìdáná pẹ̀lú ṣaworo lẹ́sẹ̀.

Àwọn ọdún 1990 ti ń lọ sópin nígbà tí àìsàn tó gbé e lọ mú un. Kò lè dúró pẹ́ mọ́, ká má tíì sọ ti ijó. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó fẹ̀yìn tì nínú pálọ̀, mo ń bó ọsàn fún un. Mo ní olùkọ́ rẹ̀ ti lọ, ijó ti tán, òfin ti tán. Mo bi í pé ta ni.

"Ẹ̀yin ni."

Mo gbé ọ̀bẹ kalẹ̀.

"Ẹ má tíì yọ̀," ni ó wí. "Kì í ṣe ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gun kẹ̀kẹ́ wá láti Òkukù ni, kí ẹ tó lè bá bàbá mi sọ̀rọ̀. Ẹ á dúró lábẹ́ igi ọsàn wa, ẹ á máa ṣe bí ẹni pé ṣéènì kẹ̀kẹ́ yín já. Èmi á wà lójú fèrèsé."

Mo bi í pé èmi ńkọ́, èmi tí mo wà nílé ní gbogbo ọdún wọ̀nyí.

"Ẹ̀yin ti dé ná, Tíṣà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa retí yín?" Ó wo ojú mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. "Ẹ tún ti ń jowú sí òun náà."

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó kú.

Òótọ́ ló sọ, mo ń jowú sí i. Àwọn yòókù, mo rí ọ̀nà bọ́ lọ́wọ́ wọn. Èyí kò níbi tí mo lè gun ọ̀kadà lọ bá a. Mo ti gbìyànjú láti rántí ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn rí. Mo rántí kòtò ọ̀nà Òkukù. Mo rántí pé ṣéènì náà máa ń já lóòótọ́, kì í ṣe pé mò ń díbọ́n bí ìyàwó mi ṣe rò. Mo rántí bàtà bàbá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tó ń jẹ́ kí n mọ̀ bóyá ó wà nílé. Mi ò rántí fèrèsé kankan. Ojú tí mo yí ọrùn wá ẹni tó ni ín kiri nínú gbọ̀ngàn Ìkìrun, ìyàwó mi ń fi wo ọ̀dọ́mọkùnrin náà nírọ̀lẹ́ lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́, òun sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́, gírísì kún ọwọ́ rẹ̀, ó ń wá ibi tí ṣéènì ti já.