Ọjọ́ Tí Bàtà Wọlé, Tí Bọ́ọ̀lù Ò Wọlé

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìtìjú ṣe ń rí lójú tíṣà, kó lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ pápá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń fìdí rẹmi, kó sì mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé òun ló fà á. Mo ti dúró síbẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, etí mi ṣì ń gbóná.

Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Erékùṣù Èkó, láàárín àwọn ọdún 1950, kí òmìnira tó dé. Èmi náà tún ni ọ̀gá eré ìdárayá. Ọmọ Èkìtì ni mí, àwọn ọmọ Èkó wọ̀nyẹn a sì máa sín mi jẹ bí mo bá gbàgbé tí mo pe ilé ní "ulé." Mi ò kà á sí, nítorí pé bí mo bá fun fèrè, wọ́n ń sáré.

Láyé ìgbà náà, ẹsẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Báńdéèjì la fi ń wé ọrùn ẹsẹ̀ wọn kó má baà rọ́. Ṣùgbọ́n kọ́lẹ́ẹ̀jì kan wà ní apá kejì Erékùṣù tó jẹ́ ọ̀tá wa nínú bọ́ọ̀lù. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí àwọn ọmọ ìgbà náà ti di bàbá arúgbó, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n tún máa yọ̀. Àwọn ló kọ́kọ́ ra bàtà bọ́ọ̀lù, èyí tí wọ́n fi ìṣó kan kókó awọ mọ́ lábẹ́. Nígbà tí àwọn tó ti jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa gbọ́, wọ́n fárí gá, wọ́n ní àwọn náà á ra tiwa. Wọ́n ní kí n kọ nọ́ńbà ẹsẹ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, a kì í ra bàtà tó bá ọmọ lẹ́sẹ̀ mu. Èyí tó tóbi là ń rà, kí ọmọ lè dàgbà bá a. Bàtà àkọ́kọ́ tí ìyá mi rà fún mi, ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń ki àkísà sí i níwájú. Nítorí náà, mo wo ẹsẹ̀ Gànìyù, kápítènì wa, ó jọ nọ́ńbà méje lójú mi, mo kọ mẹ́sàn-án. Mo wo ti Sámúẹ́lì, gólì wa, mo kọ mọ́kànlá. Bí mo ṣe ṣe gbogbo wọn nìyẹn, inú mi sì ń dùn pé mo gbọ́n, pé bàtà yìí á ṣeé lò fún ọdún méjì.

Tọ́sìdé ni bàtà dé. Sátidé la máa pàdé àwọn ọ̀tá wa. Àwọn ọmọ fò sókè, wọ́n ki bébà sínú bàtà, wọ́n so okùn rẹ̀ le. Sámúẹ́lì ní, "Sà, ẹsẹ̀ mi ń rìn nínú rẹ̀." Mo ní kó má dààmú, kó so ó dáadáa.

Òjò rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Àwọn ọmọ wa ń ṣubú bí ẹni ń rìn lórí ọṣẹ. Àwọn ọ̀tá wa gbá ọ̀kan sílé wa. Lẹ́yìn náà ni rẹfirí fún wa ní pẹ́nárítì, ariwo sì sọ. Gànìyù ló máa gbá a. Ọmọ agbo ilé kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni, lẹ́yìn Iga Ìdúngánrán, ààfin ọba Èkó. Bí ọmọ yẹn bá na ẹsẹ̀ ọ̀tún sí bọ́ọ̀lù, gólì á ti máa gbàdúrà. Ó sáré wá, ó gbá a. Bàtà fò kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó kọjá lórí gólì, ó wọnú àwọ̀n. Bọ́ọ̀lù gba ẹ̀gbẹ́ òpó, ó bá tiẹ̀ lọ. Àwọn kan tiẹ̀ ti ń pariwo "Góòlù!" kí wọ́n tó rí i pé bàtà ni wọ́n ń kí. Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ mi ò mọ ibi tí wọ́n wà mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Mẹ́ta sí òdo ni wọ́n nà wá.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè tó ṣú, Gànìyù ti ní orúkọ tuntun. Bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń jẹ́ Adéwọlé, tí wọ́n ń jẹ́ Akínwọlé, òun di Bàtàwọlé. Bó bá ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, àwọn ọmọdé á tẹ̀lé e: "Bàtàwọlé! Bàtà wọlé, bọ́ọ̀lù ò wọlé!"

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo fun fèrè lórí pápá títí ọ̀fun fi gbẹ mí. Ọmọ mẹ́rin ló wá. Méjì nínú wọn wá sọ fún mi pé àwọn ò ní wá mọ́. Gànìyù ò yọjú rárá. Àwọn tó kù ń dá a lẹ́bi, òun náà sì ti ránṣẹ́ pé òun ti fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì pè mí.

Ó ní, "Tíṣà, ó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ká tún bá àwọn èèyàn yẹn gbá a. Bí ẹ ò bá mú orúkọ ọmọ mọ́kànlá wá fún mi ní Fráìdé, màá kọ̀wé pé a ti yọwọ́. A ò sì ní í ní ikọ̀ bọ́ọ̀lù mọ́. Ẹ̀sín yìí ti tó."

Mo kó àwọn ọmọ jọ ní kíláàsì, mo bá wọn wí, mo ní ọkùnrin kì í sá. Sámúẹ́lì gbọ́ tèmi tán, ó nawọ́. "Sà, ta ló kọ nọ́ńbà bàtà wọ̀nyí?"

Mo ní, "Ṣọ́ọ̀bù ló ṣìṣe."

Irọ́ ni mo pa. Mi ò ní wá ọ̀rọ̀ míì tó dùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú Sámúẹ́lì fi hàn mí pé kò gbà mí gbọ́. Wọ́n kó ìwé wọn, wọ́n lọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo di bàtà náà sínú àpò, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń rán bàtà ní Olówógbowó. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, àgbàlagbà, kì í rẹ́rìn-ín bọ̀rọ̀. Ó mú ọ̀kan, ó wo inú rẹ̀, ó fa bébà jáde.

"Tíṣà, ta ló wọn ẹsẹ̀ wọn?"

"Èmi ni, bàbá."

"Kí lẹ fi wọ̀n ọ́n?"

"Ojú ni mo fi wò ó. Mo wá fi díẹ̀ lé e, kí wọ́n lè dàgbà bá a."

Bàbá gbé bàtà sílẹ̀. "Òótọ́ ni pé ọmọ á dàgbà bá bàtà. Ṣùgbọ́n Tọ́sìdé lẹ gbé e fún wọn, Sátidé lẹ ní kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù. Ọjọ́ wo lẹ ní kí wọ́n dàgbà?"

Ó ní òun lè tẹ́ awọ sínú rẹ̀ títí á fi wọ̀ wọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn gangan lòun fẹ́ rí, òun ò fẹ́ nọ́ńbà kankan mọ́ láti ẹnu mi. Bí mo ti ń jáde, ó pè mí padà. "Bàtà ò ṣòroó tún ṣe. Ọmọ tí wọ́n ń pè ní Bàtàwọlé káàkiri Ìsàlẹ̀ Èkó yẹn ńkọ́? Ta ni yóò bá a tún orúkọ rẹ̀ ṣe?"

Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi délé. Ní ọjọ́ Wẹ́sìdé, lẹ́yìn ìrun alásàárì, mo lọ sí agbo ilé wọn. Bàbá Gànìyù jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tẹ́ ẹní, tẹ̀súbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Oníṣòwò aṣọ ni, èèyàn jẹ́jẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i.

"Tíṣà, ẹ dìde, ẹ káàbọ̀," ló wí. "Ṣé Gànìyù lẹ wá bá, àbí Bàtàwọlé? Àáfà ló pe orúkọ ọmọ yìí sí i létí lójú gbogbo ẹbí. Wàyí, àwọn ọmọ tí mi ò mọ bàbá wọn ti fi tiwọn bò ó."

Mi ò dìde. Mo ní, "Bàbá, kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀. Èmi ni mo kọ nọ́ńbà tó tóbi ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ ọmọ yín ò ṣe nǹkan kan. Mo sì tún purọ́ lé e lórí."

Bàbá gbé tẹ̀súbáà sílẹ̀. "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi kọ ọ́ tóbi?"

"Kó lè dàgbà bá a ni, bàbá."

Ni bàbá bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó nawọ́ sí ọmọbìnrin kékeré kan tó ń wọ́ sálúbàtà kọjá ní àgbàlá, tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ò dé ìdajì bàtà. "Ẹ wo àbúrò rẹ̀. Ìyá wọn ló ra bàtà yẹn. Gbogbo wa la jọ ń ṣe é!" Ẹ̀rín yẹn tù mí lára, ṣùgbọ́n Gànìyù ti jáde láti inú yàrá, òun ò rẹ́rìn-ín.

"Sà, ẹ sọ fún wa pé ṣọ́ọ̀bù ni."

"Mo purọ́ fún yín."

"Wọ́n ń sọ pé èmi ni mo pàdánù rẹ̀. Sámúẹ́lì náà ń sọ ọ́."

"Lọ́la, lójú gbogbo wọn, màá sọ pé èmi ni."

Ó ní, "Màá wá gbọ́ ọ, sà." Kò sọ pé òun á gbá bọ́ọ̀lù, mi ò sì bèèrè.

Bí wọ́n ṣe lu agogo ìparí lọ́jọ́ Tọ́sìdé, gbogbo wọn wà ní kíláàsì. Gànìyù dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé tán. Mo sọ ọ́ láìfi nǹkan kan pa mọ́: nọ́ńbà tí mo kọ, ìdí tí mo fi kọ ọ́, irọ́ tí mo pa. Mo ní, "Ẹ má bínú sí mi." Kò wọ́pọ̀ nígbà náà kí tíṣà bẹ ọmọ ilé ìwé. Sámúẹ́lì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Sà, ìṣirò mà lẹ sì ń kọ́ wa o!"

Kíláàsì tú ká fún ẹ̀rín. Gànìyù náà rẹ́rìn-ín, ó sì wọlé, ó jókòó. Sámúẹ́lì dìde lọ bá a, ó sọ nǹkan kan sí i létí tí mi ò gbọ́, Gànìyù sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Nírọ̀lẹ́ yẹn, ọmọ mẹ́rìnlá tò sí iwájú ìsọ̀ bàbá Ìjẹ̀bú, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ lélẹ̀ lórí bébà, bàbá ń fi léèdì yí i ká, ó ń kùn pé ẹsẹ̀ wọn dọ̀tí. Ní àárọ̀ Fráìdé, mo gbé orúkọ mẹ́rìnlá fún ọ̀gá àgbà. Orúkọ Gànìyù ló ṣáájú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó tẹ̀lé e le. Bàbá ní kí wọ́n rẹ bàtà sínú omi, kí wọ́n wọ̀ ọ́ ní tútù, kí wọ́n má bọ́ ọ títí yóò fi gbẹ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, kí wọ́n sì máa fi òrí pa á. A sáré lórí yanrìn ẹ̀bá ọ̀sà ní ìdájí. Ẹsẹ̀ bó, wọ́n fi àdín pa á, wọ́n tún wọ bàtà. Mo ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbá bọ́ọ̀lù sí ojú ilé títí yóò fi lè sáré yí pápá po láìwo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Bí ó bá rẹ̀ wọ́n, mo ń bá wọn sáré, èmi tí mo ti ń ní ikùn. Gànìyù ń gbá pẹ́nárítì ogún lójoojúmọ́. Àwọn ọmọdé rọ̀ mọ́ ọgbà, wọ́n ń pariwo "Bàtàwọlé!" Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ariwo yẹn ń mú un tàsé. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó yíjú sí wọn, ó ní, "Ẹ pè é sókè dáadáa, mi ò gbọ́!" Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé a ti ní ikọ̀.

A pàdé wọn. Oòrùn mú, pápá gbẹ. Àwọn ọmọ mi gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni tó mọ ohun tó wá ṣe. Gànìyù gbá ọ̀kan wọlé láti ọ̀nà jíjìn, àwọ̀n náà mì. Àwọn ọ̀tá wa san án padà. Nígbà tó ku díẹ̀ kí rẹfirí fun fèrè ìkẹyìn, bọ́ọ̀lù kan gba abẹ́ Sámúẹ́lì wọlé. Méjì sí ọ̀kan. Wọ́n tún nà wá.

A fi ẹsẹ̀ rìn padà lẹ́bàá ọ̀sà, àwọn ọmọ gbé bàtà kọ́ ọrùn. Mo ti ń to ọ̀rọ̀ ìtùnú jọ lọ́kàn, nítorí ẹ̀rù ń bà mí pé bí ilẹ̀ bá mọ́, màá tún dá wà pẹ̀lú fèrè mi. Mo ti la ẹnu tán nígbà tí Gànìyù sáré dé ẹ̀gbẹ́ mi.

"Sà, ìgbà wo la tún máa bá wọn gbá a?"

Àwọn tó kù dúró, wọ́n ń retí èsì. Inú mi dùn débi pé n kò lè wò wọ́n lójú. Mo ti gba ife lẹ́yìn ìgbà náà, ju ẹyọ kan lọ, kí n tó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n n kò gba èyí tó dùn tó ìbéèrè yẹn.

Mo ní, "Ó di ọdún tó ń bọ̀."

Ó ní, "Ó ti jìnnà jù, sà."