Odó Tí Mo Fẹ́ Gbé Gun Òkè Mambila

Mo rántí ìgbà tí mo ti odó ìyá mi bọ inú báàgì ìrìn-àjò. Odó kékeré ni o, èyí tí wọ́n fi ń gún iyán ẹni méjì, ṣùgbọ́n odó ni odó ń jẹ́. Mo fa síìpù báàgì náà dé ìdajì, ó já. Mo wá okùn, mo dì í bí ìgbà tí wọ́n bá ń di ewúrẹ́ tí kò fẹ́ lọ ọjà. Ibi tí mo ń gbé e lọ kì í ṣe Ìkéré, kì í ṣe Ìdó. Òkè Mambila ni, lọ́hùn-ún, níbi tí ilẹ̀ Nàìjíríà ti fẹ́ẹ̀ parí, níbi tí àwọn Fúlàní darandaran ti ń da màlúù wọn kiri nínú ìkùukùu, tí òtútù sì ń mú ènìyàn dé egungun. Ọmọ Èkìtì ni mí. N ò lè máa mu nọ́nò, wàrà kíkan àwọn Fúlàní, láàárọ̀, kí n tún mu nọ́nò nírọ̀lẹ́, kí inú mi wá máa bi mí léèrè pé ta ló kú nílé. Mo ti rò ó dáadáa. Gbogbo nǹkan ni mo rò nígbà yẹn, àfi èyí tó yẹ kí n rò.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà náà. Mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀ nígbà tó ku kíláàsì kan kí n jáde, torí mo ní àwọn tíṣà ń fi àkókò mi ṣòfò. Mo kọ́ iṣẹ́ mẹ́káníìkì ọ̀kadà fún oṣù mẹ́ta, mo kọ́ fóònù títúnṣe fún oṣù méjì, mo kọ́ táìlì lílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Gbogbo wọn ni mo kéde kí n tó bẹ̀rẹ̀. N kì í kéde ọjọ́ tí mo bá fi wọ́n sílẹ̀. Ìyá mi, tó ń ta ìrẹsì Ìgbẹmọ l'Ọ́jà Ọba, máa ń sọ fún àwọn oníbàárà wọn pé, ọmọ àwọn ò lè dúró kí omi hó kó tó da èlùbọ́ sí i. Èmi náà máa ń dá wọn lóhùn pé èmi kọ́ ni mo yára, ayé ló ń falẹ̀.

Ìyá mi yìí ló máa ń rán mi lọ Ìgbẹmọ láti lọ kó ìrẹsì. Lẹ́yìn ìlú, bí ènìyàn bá ti kọjá ibi tí wọ́n ti ń lọ ìrẹsì, gáà Fúlàní kan wà níbẹ̀. Baba tó ni ín ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Baba Onímàlúù ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọ́n ti gbé Èkìtì débi pé ulé ni wọ́n ń pe ilé, usu ni wọ́n ń pe iṣu. Tí o bá di ojú rẹ, wàá rò pé ará Ìgbẹmọ ló ń bá ọ sọ̀rọ̀. Ìyàwó wọn ń kó wàrà wá fún ìyá mi, ìyá mi ń fi ìrẹsì ránṣẹ́ padà. Àwọn àgbẹ̀ àdúgbò yẹn fúnra wọn ló ń jẹ́rìí pé màlúù Baba kò jẹ oko ẹnikẹ́ni rí.

Lọ́jọ́ kan tí mò ń dúró de ìrẹsì, Baba ń sọ fún mi nípa ẹ̀gbọ́n wọn tó wà lórí òkè Mambila. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n yìí kì í sọ̀ kalẹ̀, pé àwọn ni àwọn máa ń lọ kí i lọ́dọọdún tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ibẹ̀ ga débi pé ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ènìyàn ni ìkùukùu máa ń wà láàárọ̀, ẹṣin ni wọ́n sì ń gùn tẹ̀lé màlúù. Ara mi ò gbà á mọ́.

"Baba, ẹ mú mi lọ."

Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Wọ́n ní, "Tí o bá lè ní sùúrù, a ó jọ lọ."

"A ó jọ lọ" ni mo gbọ́. Ìdajì àkọ́kọ́ gba ẹ̀yìn etí mi kọjá.

Kí oòrùn ọjọ́ yẹn tó wọ̀, Ọjà Ọba ti gbọ́. Mo sọ fún àwọn aláta, mo sọ fún àwọn aláàárù. Mo ní màá gun ẹṣin tí kò ní gàárì, màá fún wàrà lára màlúù pẹ̀lú ọwọ́ òsì. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ télọ̀ gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Ó dáa. Tó o bá lọ tó o bọ̀, mo máa rán agbádá fún ẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Tó ò bá lọ, Mambila lorúkọ ẹ láti òní lọ. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó ẹ, pásítọ̀ á ní kí Mísítà àti Mísẹ́ẹ̀sì Mambila dìde." Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó wọ̀ mí lára, torí mo mọ̀ pé kò ní gbàgbé.

Ti ìyá mi yàtọ̀. Mo rò pé wọ́n máa pariwo, pé ṣé n ò gbọ́ ìròyìn ìjà àwọn darandaran ni. Wọ́n kàn jókòó lórí àpò ìrẹsì. Wọ́n ní, "Mo mọ Baba, mo mọ ìyàwó ẹ̀. Ọ̀dọ̀ wọn kọ́ ni ẹ̀rù ti ń bà mí. Ìwọ ni. Ohun kan péré, ọmọ mi. Ohun kan péré ni kó o bẹ̀rẹ̀ kó o sì parí lójú mi." Ọ̀rọ̀ yẹn wúwo ju odó lọ. Mo ní kí wọ́n lọ fọkàn balẹ̀.

Bí ètò ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ayọ̀ tó wà nínú ètò yẹn, n ò tíì rí irú ẹ̀ mọ́. Mo ra ìwé kékeré, mo kọ gbogbo ohun tí mo máa gbé sínú ẹ̀: bàtà òjò, tọ́ọ̀ṣì, bùláńkẹ́ẹ̀tì ìyá mi tó nípọn jù, ìrẹsì Ìgbẹmọ fún ẹ̀gbọ́n Baba, iṣu márùn-ún, odó, ọmọrí odó. Mo ń lálàá ẹṣin lóru. Mo ń fi àpótí tí ìyá mi máa ń jókòó lé lọ́jà kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun gàárì, ó sì fọ́.

Baba ní ètò tiwọn. Wọ́n ní kí n máa wá sí gáà láràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. "Ẹ̀gbọ́n mi kì í gba ẹni tí ò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró láàárín màlúù. Kí o kọ́kọ́ kọ́ bí a ṣe ń dúró." Èmi tí n kì í dúró. Ọjọ́ àkọ́kọ́, mo dúró. Ọjọ́ kejì, mo dúró, ẹsẹ̀ ń yún mi. Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀rẹ́ mi télọ̀ pè mí lórí fóònù pé kí n ṣe fídíò kó lè gbà gbọ́. Mo gun orí òkúta kan, mo gbé fóònù sókè, mo na ìka sí àwọn màlúù lọ́kọ̀ọ̀kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n. Ìṣirò nìkan ni mo mọ̀ nílé ìwé, mo sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ. Mo kà á dópin, mo fi ohùn gíga kéde ẹ̀: "Mẹ́tàdínláàádọ́ta!"

Ìyàwó Baba tó ń fọ igbá dáwọ́ dúró. Baba ò bínú. Wọ́n kàn mú ọ̀pá wọn, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi, wọ́n sì rọra da àwọn màlúù náà lọ sẹ́yìn igi, bí ẹni ń kó ọmọ ẹ̀ kúrò lójú àlejò. Ọmọ wọn àgbà ló wá bá mi. Ó ní, "Máa lọ ulé. Baba ní àwọn nìkan ni àwọn ń lọ Mambila."

N ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo sọ fún ìyá mi pé wọ́n sún ọjọ́ síwájú. Wọ́n wò mí, wọ́n ní "Ẹ̀n-ẹ́n," wọ́n sì padà sídìí ìrẹsì wọn. "Ẹ̀n-ẹ́n" kan yẹn ni mo gbé sùn fún ọjọ́ mẹ́rin. Ọ̀rẹ́ mi rí mi lójú ọ̀nà, ó ní, "Mambila, òkè ọ̀hún ti wó ni?" Mo ní iṣẹ́ ń dúró dè mí. Iṣẹ́ wo?

Mo sá lọ bá ìyá àgbà mi ní Ìgèdè. Wọ́n ń bẹ iṣu nígbà tí mo dé. Mo ro ẹjọ́ mi, mo ro ó kí n lè jàre.

"Màlúù lo kà?"

"Ẹ̀n, ìyá."

"O sì kà á pé?"

"Ó pé. Mẹ́tàdín..."

"Pa ẹnu ẹ dé." Wọ́n gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Àlejò kan wá síbí nígbà kan, ó ń nawọ́ sí àwọn ọmọ mi, ó ń kà wọ́n. Mo gbé oúnjẹ kúrò níwájú ẹ̀. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ìyá ẹ ò sọ fún ẹ ni?"

"Màlúù ni, ìyá. Kì í ṣe ọmọ."

"Lójú ta ni?"

Òwe tí wọ́n ti ń pa sí mi létí láti kékeré ni. Mo rò pé inú ilé wa nìkan ló ń gbé, n ò mọ̀ pé Baba ní tiwọn ní gáà. Mo ní ṣé kí n lọ bẹ Baba. Ìyá àgbà ní, "Ẹnu tó ba nǹkan jẹ́ lo tún fẹ́ gbé lọ? Ọwọ́ ni kó o mú lọ." Wọ́n fún mi níyán jẹ, wọ́n ní kí n tètè máa lọ.

Ní kùtùkùtù ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, mo dé gáà. Mo kí wọn, mo mú ìgbálẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ìgbẹ́ màlúù. N ò sọ nǹkan kan. Mo pọn omi, mo gé koríko, mo so àwọn ọmọ màlúù mọ́lẹ̀ nígbà tí ìyàwó Baba bá ń fún wàrà. Baba ò wò mí. Mo tún lọ lọ́jọ́ kejì, mo tún lọ lọ́jọ́ kẹta. Ẹnu yún mi débi pé mo ń bá korobá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí n ò ní kí ó ṣẹlẹ̀: mo bẹ̀rẹ̀ sí í mọ àwọn màlúù yẹn. Èyí tó máa ń kọ́kọ́ mumi, èyí tí ìwo ẹ̀ yí sẹ́yìn, èyí tó máa ń lá mi lápá. Ọ̀kan bí lójú mi lọ́sàn-án gangan, mo sì rí ọmọ náà tó dìde, tó ṣubú, tó tún dìde. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi.

Ọ̀sẹ̀ náà ń parí lọ nígbà tí alágbàtà màlúù kan gbé mọ́tò wá. Baba wà lẹ́yìn ahéré. Ọkùnrin náà bọ́ sílẹ̀, ó kọjú sí mi.

"Ọ̀dọ́mọkùnrin, màlúù yín yìí tó mélòó?"

Yín, ó ní. Inú mi dùn débi pé nọ́ńbà yẹn ti dé ẹnu mi, pẹ̀lú ọ̀kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí lórí. Mo gbé e mì.

"Wọ́n wà níbẹ̀, sà. Ọpẹ́ ni."

"Mo ní mélòó. Ṣé o ò lè kà ni? O ò lọ sílé ìwé?"

"N ò lọ tán, sà."

Mo gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn ahéré. N ò mọ̀ pé Baba lè rẹ́rìn-ín báyẹn, ẹ̀rín tó bẹ̀rẹ̀ láti ikùn. Wọ́n jáde, wọ́n bá alágbàtà sọ̀rọ̀ tiwọn, ó lọ. Wọ́n wá dúró tì mí, wọ́n ń wo àwọn màlúù, wọn ò wò mí.

"Odó tí ìyá rẹ ní o fẹ́ gbé gun òkè yẹn," ni wọ́n sọ, "ṣé ó wúwo?"

Mo ní, "Kò wúwo, Baba." Irọ́ ni.

A lọ. Mọ́tò gbé wa dé ibi tó lè dé, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ gba odó lọ́wọ́ mi, àwọn ọmọ kéékèèké ń sá tẹ̀ lé e láti gáà dé gáà, wọ́n rò pé ìlù ni. Mo gúnyán lórí òkè Mambila nínú ìkùukùu, ẹ̀gbọ́n Baba jẹ ẹ́, wọ́n pa ojú dé, wọ́n ní kí n tún gún un lọ́la. Ẹṣin gbé mi ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ òsì mi ò fún wàrà kankan jáde. Nígbà tí a ń bọ̀, ìyàwó ẹ̀gbọ́n Baba di odó náà mú, wọ́n ń fi í gún àgbàdo. Mo fi í sílẹ̀ fún wọn.

Ìyá mi ṣì ń bi mí léèrè odó wọn títí dòní, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ń béèrè. Mo ti padà sọ́dọ̀ ọ̀gá mi mẹ́káníìkì, mo kọ́ṣẹ́ náà parí, mo sì ti gba fìríìdọ̀ọ̀mù. Agbádá tí ọ̀rẹ́ mi rán wà nílé, ó gùn jù mí lọ, télọ̀ ní òun fi àyè sílẹ̀ fún ìfọ́nnu mi. Òótọ́ ni, mo ṣì ń fọ́nnu. Tí ẹ bá bi mí nípa ẹṣin, nípa òtútù, nípa ìkùukùu tó wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ mi, ilẹ̀ á ṣú bá wa níbẹ̀. Àwọn èèyàn á sì máa bi mí pé, màlúù mélòó ló wà lórí òkè ọ̀hún gan-an. Mo mọ̀ ọ́n. N ò ní sọ.