Ìkúnlẹ̀ Lójú Sánmà

Nígbà tí mo fi iṣẹ́ tísà sílẹ̀ ní Ìlọrin, tí mo padà sílé ní Òmù-Àrán pé mo fẹ́ máa ṣe fíìmù, bàbá mi kò bínú. Ìbá sàn ká ní ó bínú. Bí àlejò bá yà kí i lẹ́yìn ìsìn, tó sì bèèrè ẹni tí mo jẹ́, yóò kàn ní, "Ọmọ mi ni. Ó ń sinmi." Odidi ọdún kan ni mo fi ń sinmi lẹ́nu bàbá mi, èmi tí mo ń jí kí àkùkọ tó kọ. Ọ̀gá ilé-ìwé ni bàbá mi kó tó fẹ̀yìn tì, alàgbà ìjọ sì ni. N kò mọ ẹni tó tíì rí eyín rẹ̀ ní gbangba rí.

Lọ́jọ́ kan ó pè mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní ilé-ìwé kan ní Òrò ń wá tísà, òun sì ti bá wọn sọ̀rọ̀. Mo ní fíìmù mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Irọ́ gbuu ni, ìwé lásán ló wà lọ́wọ́ mi.

"Fíìmù kí ni?"

Mo ṣàlàyé: obìnrin kan ń wa ọkọ̀ lójú sánmà, ọkọ̀ náà bàjẹ́ lórí ìràwọ̀ kan, ó pàdé abàmì ẹ̀dá kan níbẹ̀, àwọn méjèèjì sì dọ̀rẹ́. Mo ní fíìmù ẹ̀rín ni. Bàbá mi ní:

"Ṣe é tán kí àgbàdo tó gbó, ká wò ó. Bí kò bá pa mí lẹ́rìn-ín, Òrò ni ò ń lọ."

Mo gbà. Ẹ wo wàhálà tí mo fọwọ́ ara mi fà.

Ọkọ̀ kò nira. Tánkì omi oníke ńlá kan tó ti là wà lẹ́yìn ilé ìyá àgbà mi. A dà á dùbúlẹ̀, a lẹ ìdérí ìgò mọ́ ọn lára bíi bọ́tìnnì, a fi òkúta méjì ti ìdí rẹ̀. Èmi fúnra mi ni awakọ̀, mo gé ojú sára ike ọ̀dà, mo dé e sórí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń ránṣọ, ló ń fi fóònù rẹ̀ ya fíìmù. Ó ku abàmì ẹ̀dá.

Mo ti mọ ẹni tí mo fẹ́. Àgbẹ̀ kan wà lọ́nà Òwu-Ìsin, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, oko rẹ̀ bá ti bàbá mi pààlà. Àwọn ará ilé rẹ̀ ṣì ń bọ àwọn baba ńlá wọn, nítorí náà "Ẹ kú iṣẹ́" láti orí ebè ni gbogbo ohun tí bàbá mi ń bá a sọ láti ìgbà tí mo ti dáyé. Ṣùgbọ́n bí bàbá àgbẹ̀ yìí bá ń ròyìn bí ewúrẹ́ ṣe lé e, àwọn tó ru ẹrù á sọ̀ ọ́ kí wọ́n lè ráyè rẹ́rìn-ín. Mo lọ bá a lóko, mo ṣàlàyé, mo sì rò pé yóò lé mi jáde.

"Lójú sánmà?" ló wí. "Ṣé wọ́n ń gbin iṣu níbẹ̀?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun ń bọ̀.

A fi ẹfun kun igbá ńlá kan dé e lórí, a fi asẹ́ méjì ṣe etí rẹ̀. Níbi tí àwọn méjèèjì ti kọ́kọ́ pàdé, ó yẹ kí n fò jáde nínú ọkọ̀, kí n na tọ́ọ̀ṣì sí i bí ìbọn, kí n sì jágbe pé, "Dúró! Ta ni ọ́?" Mo fò jáde lóòótọ́. Mo rí àgbàlagbà níwájú mi, orúnkún mi sì balẹ̀: "Ẹ kú àárọ̀ o, bàbá." A tún un ṣe. "Ẹ dúró, ẹ jọ̀ọ́ sà." Orúnkún tún balẹ̀. Nígbà tó fi di ìgbà keje, mo ti ń sunkún nínú ike ọ̀dà. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ orúnkún yìí pé bí àgbà bá yọ, ilẹ̀ ni kó lọ, kò sì fẹ́ gbọ́ pé fíìmù la ń ṣe. Inú bí mi sí i gan-an.

Nígbà kẹjọ, bàbá àgbẹ̀ kò dúró kí ẹ̀gbọ́n mi pa fóònù. Ó sọ̀rọ̀ láti inú igbá:

"Ẹni tó gbé ìbọn dání tó tún ń kúnlẹ̀ kí mi, ebi ló ń pa á. Wá wọlé, iṣu ti jinná."

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí fóònù fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fa ìwé mi ya níbẹ̀. Ibi ìkúnlẹ̀ yẹn la ti tún fíìmù bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì bàbá àgbẹ̀ gbé èrò tirẹ̀ dé. "Ta ló sọ fún ọ pé àgbà ni ẹ̀dá yìí? Ó lè jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ tiwọn. Bó bá ti wá mọ̀ pé o ju òun lọ, dandan ni kó dọ̀bálẹ̀."

Mo ní èèwọ̀! Kí ẹ̀yin dọ̀bálẹ̀ fún èmi?

"Ta ló ní èmi ni? Ọmọ ọdún mẹ́ta ni." Ó sì na gbalaja sínú erùpẹ̀, tigbátigbá.

Kí lèmi náà ń wò? Mo wólẹ̀. "Ẹ dìde, bàbá!" "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dìde, ìyá mi!" Kò sẹ́ni tó gbà. Níbi tí a ti ń bẹ ara wa lọ́wọ́, òkúta ìdí tánkì yẹ̀. Ọkọ̀ òfúrufú wa yí gbirigbiri lọ sísàlẹ̀, ó wọ oko ẹ̀gẹ́ ìyá àgbà mi. A kò rí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi rí i, kò sì pa fóònù. Ọlọ́run bù kún un.

Àgbàdo ti gbó lọ́jọ́ tí a wò ó. A ta aṣọ ìbùsùn funfun sára ògiri gbọ̀ngàn ìjọ, a sì yá ẹ̀rọ tó ń tan fíìmù sí i. Bàbá mi jókòó níwájú, ó káwọ́ lé àyà. Bàbá àgbẹ̀ jókòó sẹ́yìn lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Kò wọ gbọ̀ngàn yẹn rí láyé rẹ̀. Àwọn èèyàn ti ń rẹ́rìn-ín láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọrùn bàbá mi nìkan ni mò ń wò. Kò mì.

Ìgbà tí àgbàlagbà dọ̀bálẹ̀ lára ògiri, gbogbo ilé dákẹ́. Ìyá kan pòṣé. Mo ti ń wo ara mi ní Òrò, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́.

Ni tánkì bá yí lọ.

Mo gbọ́ nǹkan kan níwájú, mo rò pé ikọ́ ni. Bàbá mi ni! Ó di bẹ́ǹṣì mú, fìlà rẹ̀ já bọ́, omijé ń dà lójú rẹ̀, ó ń pariwo sí aṣọ ìbùsùn: "Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n dìde! Ọkọ̀ ti lọ! Ọkọ̀ wọn ti lọ!" Ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ní ká dá ibẹ̀ padà. Mo jó nínú òkùnkùn lẹ́yìn wọn bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Nígbà tó parí, bàbá mi rìn lọ sẹ́yìn. Ó dúró níwájú bàbá àgbẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́," bó ti máa ń wí látorí ebè, ẹ̀rín sì tún gbé e.

"Ọmọ ọdún mẹ́ta ni mí, sà," ni bàbá àgbẹ̀ wí, ó sì ṣe bí ẹni fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Bàbá mi yára gbá a lápá mú. Wọ́n jọ jókòó.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, àlejò kan láti Ìgbàjà bèèrè ẹni tí mo jẹ́. Mo ti múra láti sinmi.

"Ọmọ mi ni," ni bàbá mi wí. "Fíìmù ló ń ṣe. Ẹ jókòó, kí n ròyìn ibi tí ọkọ̀ ti yí lọ fún yín."