Omi Tútù Lórí Àtẹ̀gùn Òkúta

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ń jẹ́ àárẹ̀, ẹ bá mi wo Jìbírílù, ẹ̀gbọ́n mi. Aláìsàn ló ń tọ́jú ní ọsibítù, ṣíìfù lórí ṣíìfù, fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó tó ra ilé kan ní Chicago. Ọ̀kan ni lára àwọn ilé bíríkì tóóró tó so mọ́ra lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tó jẹ́ ògiri kan náà ni ilé méjì ń jọ lò. Àtẹ̀gùn òkúta ga níwájú, òkúta funfun wà lókè ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ọ̀ṣọ́ tán. Mẹ̀kúnnù ni wọ́n kọ́ ọ fún láyé àtijọ́. Nísinsìnyí, ìgbìmọ̀ ìlú kan tó ń dáàbò bo ilé àtijọ́ sọ pé ohun ìtàn ni, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan iwájú rẹ̀.

Ìyá wa, Àdùfẹ́, wá ń bọ̀ láti Ìsẹ́yìn ní oṣù January 1985. Orúnkún wọn kò gba àtẹ̀gùn mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ ìgbìmọ̀ pé kí òun fi símẹ́ǹtì ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ síwájú ilé. Wọ́n kọ̀. Ó bá fi pákó ṣe é sẹ́yìn, lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, nígbà tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, nínú òtútù tó ń jẹ èèyàn níka.

Màmá dé, wọ́n wo pákó náà títí.

"Jìbírílù, ṣé olè ni mí tí n ó fi gba ẹ̀yìnkùlé wọ ilé ọmọ mi?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Committee yẹn ni ò gbà. A ò lè touch front yẹn."

"Ṣé kọ́mítì ló bí ọ ni?"

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi bá gbé wọn gun àtẹ̀gùn. Wọ́n ní ìyá ni wúrà. Wúrà wúwo o! Kí wọ́n tó wọlé, Màmá ní dandan ni ká da omi tútù sẹ́nu ọ̀nà, bí a ti ń ṣe fún ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé. Ẹ̀gbọ́n mi mọ ohun tí òtútù Chicago ń fi omi ṣe, ṣùgbọ́n àárẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn ronú. Ó bu omi, ó dà á, ó ṣàn wálẹ̀ lórí òkúta. Màmá ṣàdúrà sí i, gbogbo wa ṣe àmín.

Ní ìdájí, bó ṣe ń jáde lọ síbi iṣẹ́, omi àdúrà ti di yìnyín. Ó yọ̀ ṣubú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì kán.

Ọjọ́ tí ọsibítù dá a sílẹ̀, àga onítáyà ni mo fi tì í lọ sẹ́yìn ilé. Inú ń bí mi sí Màmá, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n Màmá ló dúró lórí pákó yẹn, tí wọn kò fẹ́ fẹsẹ̀ tẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé, pẹ̀lú abọ́ omi lọ́wọ́.

"Màmá, ẹ má dà á o!" Mo pariwo.

"Ta ló fẹ́ dà á?"

Wọ́n ti ọwọ́ bọ omi náà, wọ́n fi ra orí ẹ̀gbọ́n mi.

"Ó mà ti rẹ̀ ọ́ o, ọmọ mi. N kò mọ̀. Wọlé."

Láti ìgbà tó ti dé Amẹ́ríkà, kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí, àní èmi àbúrò rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbé orí lé Màmá láyà, ó sunkún.